Caoilfhionn: lẹ́tà 11, ìró 5

Ìyá kan tó ń gbé ní Galway, ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ọmọ Írẹ́lándì ni ọkọ mi, a sì ń retí àkọ́bí wa, ọmọbìnrin, ní oṣù tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi fẹ́ kí a sọ ọ́ ní Caoilfhionn, orúkọ ìyá tirẹ̀ tó dolóògbé lọ́dún tó kọjá. Ìyá tèmi ní orúkọ tí òun kò bá lè pè kò lè jẹ́ orúkọ ọmọ ọmọ òun. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n máa kọ ọ́ ní Keelin, kí ọmọ náà má baà fi gbogbo ayé rẹ̀ máa ka lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tún wá sọ pé 'funfun' wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní ṣé mo rí àwọ̀ ara mi ṣá. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń pè é gan-an, kí sì ni ẹ rí sí i?"

Arábìnrin mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. N kò ní fi ìdájọ́ mi pamọ́ dìgbà tí mo bá parí ọ̀rọ̀: orúkọ tó dára ni, ẹ fi sọ ọmọ yín, ẹ sì kọ ọ́ bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú f àti h tí ẹnikẹ́ni kì í pè nínú rẹ̀. Yorùbá ni mo fi ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni mo fi lọ sí kíláàsì alẹ́ ní Dublin láti kọ́ Gaeilge, èdè àwọn ará Írẹ́lándì, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó yẹ kí ìkọsílẹ̀ wọn tètè yé tó àwa tí a ń kọ "gb", tí a ń kọ "p" tí kì í ṣe p àwọn Òyìnbó, tí a sì ń fi n parí "Ìbàdàn" láìpe n kankan. Nínú gbogbo ohun tí ẹ bi mí, pípè orúkọ náà ló dà bí ẹni pé ó le jù, òun gan-an ló sì rọrùn jù.

"Kíílìn" ni wọ́n ń pè é. Sílébù àkọ́kọ́ ni ohùn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti sábà máa ń rí nínú Gaeilge, bí ẹ bá sì fi ohùn òkè sórí "kíí", tí ẹ wá jẹ́ kí ó wálẹ̀ lórí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Lẹ́tà C wọn kì í yí padà: k ni nígbà gbogbo, kì í di s láé. Álífábẹ́ẹ̀tì wọn àtijọ́ kò ju lẹ́tà 18 lọ, kò sí k nínú rẹ̀, kò sì sí v, bí kò ti sí c àti v nínú lẹ́tà 25 tiwa.

Àwọn a àti o tó tẹ̀ lé C ni wọ́n máa ń da ojú rú. Kì í ṣe pé ẹ ó pè wọ́n. Iṣẹ́ àmì ni wọ́n ń ṣe. Kọ́nsónáǹtì Gaeilge pín sí oríṣi méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní leathan, ìyẹn èyí tó gbòòrò, àti èyí tí wọ́n ń pè ní caol, ìyẹn èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, fáwẹ̀lì tó bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nsónáǹtì ló ń sọ irú èyí tó jẹ́: a, o àti u ń sọ pé ó gbòòrò, e àti i ń sọ pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. C tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yìí gbòòrò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu, ẹ mú ẹnu bí ẹni fẹ́ pe "kú", kí ẹ sì dúró kí ú tó jáde. Ẹ̀yìn ahọ́n yín ti fà sẹ́yìn lọ sọ́nà ọ̀fun. Ẹ wá ṣe bí ẹni fẹ́ pe "kí". Ahọ́n náà á sún síwájú. Ahọ́n "kú" ni Caoilfhionn fẹ́, ṣùgbọ́n ìró "í" ló fẹ́ kó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ ó gbọ́ nǹkan kékeré kan bíi w láàárín k àti í. Nǹkan kékeré yìí ló mú kí orúkọ mìíràn tó fi lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀, Caoimhe, máa dún bíi "Kwíífà" lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ibì kan ní erékùṣù náà, tó sì jẹ́ "Kíífà" lẹ́nu àwọn ará ibòmíràn. (V ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe f, ṣùgbọ́n a kò ní v. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí ìyá kan ń pariwo rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ ní ìta, mo yíjú wò bóyá babaláwo wà nítòsí.) Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan pe ọmọ yín ní "Kwíílìn", kò ṣì í pè, ibi tó ti wá ló ń sọ.

Ibi tí ẹnu Yorùbá ti lè kọsẹ̀ kì í ṣe ibi tí ojú ń bẹ̀rù. L wọn níhìn-ín tẹ́ẹ́rẹ́, l tiwa nínú "ilé" sì sún mọ́ ọn ju l tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń parí ọ̀rọ̀ lọ. N tó kẹ́yìn ni wàhálà wà. Nínú ìkọsílẹ̀ tiwa, n tó bá tẹ̀ lé fáwẹ̀lì kì í dá dún. Ó kàn ń sọ fún wa pé kí fáwẹ̀lì náà gba imú jáde. N ti Gaeilge ń dún: ahọ́n gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn eyín òkè kí ẹnu tó pa dé. Ẹ̀wẹ̀, èdè wa kì í jẹ́ kí l àti fáwẹ̀lì àránmúpè jọ gbé inú sílébù kan. Bí wọ́n bá ti pàdé, n ló máa jáde. Òun ló fà á tí "ní ọjà" fi ń di "lọ́jà", tí "ní ilé" sì ń dúró sí "nílé". Ẹnu ìyá yín, tí kò jáde ní Yorùbá rí, yóò fẹ́ sọ "Kíílìn" di "Kíínì", tàbí kí ó fi fáwẹ̀lì kan tì í lẹ́yìn, kí ó di "Kíílíìnì". Èyí kejì ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. L rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, n rẹ̀ sì ń dún.

Ó ku f àti h. Ọ̀rọ̀ méjì ló para pọ̀ di orúkọ yìí: caol, èyí tí a ti bá pàdé lókè tó túmọ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́, àti fionn, èyí tí n ó padà sí. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá so pọ̀ báyìí nínú Gaeilge, kọ́nsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ èkejì sábà máa ń rọ̀. B tó bá rọ̀ lè di ìró v; c tó bá rọ̀ a máa ha nínú ọ̀fun; f tó bá rọ̀ a dákẹ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fi lẹ́tà Gaelach, ìyẹn lẹ́tà àtijọ́ tiwọn, tẹ̀wé, àmì tóótó kan lórí lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ pé ó ti rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Nígbà tí wọ́n yí sí lẹ́tà Róòmù ní ọ̀rúndún 20, h ló gba ipò àmì náà. Púpọ̀ nínú àwọn h tí ẹ ń rí káàkiri orúkọ wọn, tí àwọn àjèjì fi ń ṣe ẹlẹ́yà, kì í ṣe nǹkan mìíràn ju tóótó tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá sí ẹ̀gbẹ́.

I tó wà láàárín "Caoil" náà ní ìdí tirẹ̀. Òfin kan wà tí gbogbo ọmọ iléèwé Írẹ́lándì mọ̀ lórí, caol le caol agus leathan le leathan: tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú tẹ́ẹ́rẹ́, gbígbòòrò pẹ̀lú gbígbòòrò. Fáwẹ̀lì tó wà ní ọ̀tún àti èyí tó wà ní òsì kọ́nsónáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí kan náà. Níwọ̀n bí fionn ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i lẹ́yìn f, wọ́n ní láti fi i sí inú caol pẹ̀lú, kí l tó wà láàárín má baà wà nínú ìjà. Bí èyí bá dà bí àṣejù lójú yín, ẹ gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ọkọ yín bí "oní" àti "aṣọ" ṣe di "aláṣọ", kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Lẹ́tà 11 ni, ìró 5: k, í, l, i, n. Kò sí lẹ́tà kan nínú àwọn yòókù tó wà níbẹ̀ lásán.

Ohun kan wà tí ẹ kò bi mí, tí ẹ ó sì pàdé láìpẹ́, pàápàá nítorí pé ibi tí ẹ wà kò jìnnà sí Conamara, níbi tí Gaeilge ti jẹ́ èdè ilé àti èdè ọjà. Bí ẹni tó ń sọ Gaeilge bá ń pe ènìyàn sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, a máa fi "a" kékeré kan síwájú orúkọ, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà á sì rọ̀. A Chaoilfhionn ni wọn yóò máa sọ, C ti di Ch, ìró tó ń ha lọ́fun bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ ha ikọ́ jáde. Ẹ má rò pé wọ́n ti gbàgbé orúkọ ọmọ yín. Bí ó bá sì lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń fi Gaeilge kọ́ni, tí orúkọ bàbá rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ó, Ní ni yóò jẹ́ níwájú tirẹ̀, nítorí pé ọmọbìnrin ni.

Orúkọ náà ti pẹ́. Obìnrin mímọ́ kan wà tó ń jẹ́ ẹ ní agbègbè Roscommon, tó múlé gbe Galway tí ẹ wà, ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀, ibì kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ ní Termonkeelin: tearmann ni wọ́n ń pe ilẹ̀ ìjọ tí ẹni tí wọ́n ń lé bá sá sí, tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wá ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe nítorí pé ó burú. Láti 1831 ni wọ́n ti ń dá iléèwé ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè wọn. Ìyàn ńlá 1845 sí 1852 pa àwọn tó ń sọ Gaeilge, ó sì lé wọn sọdá òkun, ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tó sì di 1864 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé ń kọ. Sadhbh di Sally. Gobnait di Abigail. Orúkọ tí kò bá rí ẹnìkejì tí yóò fi bora nínú èdè akọ̀wé, ìgbẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí àwọn òbí jáwọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún 1893 ni wọ́n dá Conradh na Gaeilge sílẹ̀ ní Dublin láti gbé èdè náà dìde, àwọn ènìyàn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àwọn baba ńlá wọn padà. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, 1894, ni oníwàásù kan tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent ju orúkọ náà nù ní Èkó, tó di Mojola Agbebi. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń dùn wọ́n.

Lónìí, Niamh àti Caoimhe wọ́pọ̀ ní gbogbo iléèwé Írẹ́lándì. Caoilfhionn kò wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ yín jẹ́ òun nìkan ní kíláàsì rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ tó ti kú o. Caoilfhionn Gallagher, agbẹjọ́rò tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ń fi í ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá pàdé kò ti gbọ́ Gaeilge rárá, kò sì gé lẹ́tà kan kúrò nínú rẹ̀.

Èyí gbé mi dé orí Keelin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín fẹ́. N kò ní sọ pé irọ́ ni. Àwọn òbí mìíràn ti fi sọ ọmọ, àwọn ọmọ náà kò sì jẹ́ àjèjì sí orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ ó pàdánù. Nínú Caoilfhionn, ẹni tó bá gbọ́ èdè náà á rí caol, á rí fionn, á sì mọ ohun tí wọ́n pe ọmọ. Nínú Keelin, kò rí nǹkankan, ìró lásán ló kù, a sì fi K, lẹ́tà tí èdè náà kò ní, kọ ọ́. Ó dà bí Fọláṣadé tí wọ́n gé sí Ṣadé, tí wọ́n wá kọ ní Shade, tí àwọn Òyìnbó fi ń kà á bí ìbòòji abẹ́ igi. Wàhálà mìíràn tún wà tó sún mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ ọkùnrin kan wà, Caolán, tí wọ́n sábà máa ń kọ ní Keelan. Lórí fọ́ọ̀mù, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya Keelin àti Keelan sọ́tọ̀, ọmọbìnrin yín yóò sì máa gba lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọkùnrin. Àwọn mìíràn á tún so ó pọ̀ mọ́ Caitlín, tí kò bá a tan rárá, nítorí pé Catherine ló di Caitlín. Bí ẹ bá ní dandan ni kí ó kúrú, Caoilinn ni kí ẹ mú. Gaeilge ni òun náà, òfin tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, f, h àti o kan nìkan ló kúrò. Ohun kejì tó dára jù ni mo kà á sí.

Ní ti pé ọmọ náà yóò máa ka lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni, yóò máa kà á. Mo jókòó nígbà kan ní yàrá ìdúró ilé ìwòsàn kan ní Dublin. Nọ́ọ̀sì kan jáde pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, ó wo ojú fáìlì náà, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ dìde kí ó tó sọ ohunkóhun, ó ní, "Èmi ni." Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan náà tún jáde, tó tún wo ojú fáìlì, tó tún la ẹnu, tó tún pa á dé. Èmi náà dìde, nítorí pé Gb ni orúkọ tèmi fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi bí a ti ń kọjá lára wa. Ìyẹn ni gbogbo ìyà tí ó jẹ àwa méjèèjì lọ́jọ́ náà. Ẹ rántí pé Gaeilge jẹ́ dandan ní iléèwé Írẹ́lándì. Olùkọ́ ọmọ yín kò ní bẹ̀rù fh. Ìlú òkèèrè ni wọn yóò ti máa béèrè, Adéwùnmí náà ni wọ́n sì ń béèrè níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "funfun" ló le, nítorí pé ọ̀rẹ́ yín kò purọ́. Fionn jẹ́ funfun, ó sì tún jẹ́ irun tó mọ́ bí irun àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Írẹ́lándì yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bán ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún funfun lójoojúmọ́, funfun bébà àti funfun ògiri. Fionn ju ìyẹn lọ: nínú Gaeilge àtijọ́, ó jẹ́ ohun tó ń tàn, ó jẹ́ arẹwà, ó jẹ́ ẹni ìbùkún, ó sì tún jẹ́ ohun tó tọ́ tó sì jẹ́ òtítọ́. Òun ni orúkọ akọni wọn, Fionn mac Cumhaill. Òun ló wà nínú Fionnuala. Ọmọ ìyá rẹ̀ nínú èdè Wales, gwyn, ló sì wà nínú Gwen tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè àwọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ bi ìyá ọkọ yín wò pé kí ni wọ́n ń pe ènìyàn dúdú nínú Gaeilge. Duine gorm ni yóò sọ, gorm sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún àwọ̀ ojú ọ̀run, nítorí pé èṣù ni wọ́n ti fi "ọkùnrin dúdú" pè láti ayébáyé. Èdè kọ̀ọ̀kan ló ń pín àwọ̀ bó ṣe wù ú. Àwa tí a ní dúdú, funfun àti pupa, ewé ni à ń pè ní dúdú, àgbàdo tó gbó ni à ń pè ní pupa, ọmọ ìyá wa tí ara rẹ̀ mọ́ díẹ̀ náà ni à ń pè ní pupa. Bí a bá ní inú ẹnìkan funfun, tàbí tí a bá sọ̀rọ̀ àwọn òrìṣà funfun, ta ló ń ronú nípa awọ ara? Fionn inú Caoilfhionn súnmọ́ "inú funfun" ju "aláwọ̀ funfun" lọ, bí ẹ ó sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ náà nìyẹn. N kò ní tàn yín: ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan yóò fi ìtumọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sàn kí ó ti gbọ́ ìdáhùn nílé kí ọjọ́ náà tó dé. Ní ti caol, mo mọ̀ pé ìyá yín yóò ní orúkọ a máa ro ọmọ, yóò sì béèrè bí ọmọ náà bá sanra ńkọ́. Ẹ bi í padà pé ọmọ mélòó ló mọ̀ tí wọ́n ń kì ní ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó sì jẹ́ pé àga méjì ni wọ́n ń jókòó lé.

Ìyá yín gan-an ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé méjì ni ẹ sì ní láti wò. Nínú àṣà àtijọ́ àwọn ará Írẹ́lándì, àkọ́bí ọmọbìnrin a máa jẹ́ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ló ń jẹ́ orúkọ ìyá bàbá. Bí a bá fi ojú òfin wò ó, ìyá yín ní Abẹ́òkúta ló ni ọmọ yìí, kì í ṣe ìdílé ọkọ yín! Ẹ má fi èyí bá ìyá ọkọ yín jà. Ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ mọ̀, kí ó sì bá yín gbà pé ìyá yín ni yóò sọ ọmọ náà ní orúkọ Yorùbá àti oríkì rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, tí orúkọ Yorùbá náà yóò sì wọ inú ìwé ẹ̀rí ìbí pẹ̀lú Caoilfhionn, kì í ṣe pé kí ó dúró sí ẹnu lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún ìyá yín. Ìyá àgbà kan kú nínú ìdílé ọkọ yín lọ́dún tó kọjá, wọ́n lóyún ọmọbìnrin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ padà wọ ilé. Yétúndé ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́, lédè tiwọn. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ sì dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Oṣù mẹ́ta ni òfin Írẹ́lándì fún yín láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí, nítorí náà kò sí ìkánjú. Ohun kan tún wà tó fi Caoilfhionn ṣe orúkọ ìrọ̀rùn lójú mi: kò ní àmì kankan lórí. Àwọn Seán àti Róisín ń bá kọ̀ǹpútà jà nítorí àmì orí fáwẹ̀lì wọn, bí Ṣẹ́gun àti Ẹ̀bùn ṣe ń bá a jà nítorí abẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà 11 tọmọ yín yóò gba ojú ẹ̀rọ kọjá láìsọ ẹyọ kan nù.

Kí ọmọ tó dé, ẹ ní kí ìyá ọkọ yín pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta sínú fóònù, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ìyá rẹ̀, kí ẹ sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta lórí WhatsApp. Ẹ má fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ o; ohùn nìkan. Bí ìyá yín bá dá a padà ní "Kíílíìnì", ẹ má tún un ṣe.